Bíréèkì tí wọ́n dán wò kọ́ ló ń jáde nínú ọgbà mẹkáníìkì wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn awakọ̀ láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde: bí bíréèkì bá já lójú ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn tó ṣe mọ́tò náà ni kò mọ irú oòrùn àti irú ọ̀nà tiwa. Àwa tó jẹ́ pé bíréèkì ni iṣẹ́ wa kò fara mọ́ ọn. Mọ́tò tó ń wọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti rí ooru tó ju tiwa lọ kí wọ́n tó gbé e sọ́jà. Ohun tí kò rí rí ni ohun tí a ń ṣe sí i nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ibùdó ìwádìí àwọn tó ń ṣe mọ́tò, bíréèkì kì í kọ́kọ́ gun ọkọ̀. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń dè é mọ́: dísìkì kan (irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí), pádì méjì tó ń fún dísìkì náà, àti kálípà kan tó ń ti pádì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ á máa yí dísìkì náà bí ìgbà tí táyà ń sáré, wọ́n á sì máa tẹ bíréèkì léraléra. Wọ́n á ti lu ihò tín-ínrín sínú pádì, wọ́n á ki wáyà tó ń ka ooru bọ̀ ọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí ooru ti ń gba agbára lọ́wọ́ pádì. Ẹ̀yìn èyí ló tó kan ojú ọ̀nà. Láti ọdún 1924 ni General Motors ti ní pápá ìdánwò ní Milford, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn ará Yúróòpù ń lọ sí Arjeplog ní Sweden láti dán ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí a bá tẹ bíréèkì, wò lórí adágún tó ti di yìnyín. Ooru ni wọ́n sì ń wá lọ sí Death Valley ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń gbóná kọjá 45°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjẹ̀bú kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òfin ìdánwò tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀ ni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN), nọ́ńbà 13-H. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín mítà 70. Eré yẹn náà ni òfin ìrìnnà wa gbà wọ́n láyè láti sá lórí ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n á dán an wò lófìfo, wọ́n á tún dán an wò pẹ̀lú ẹrù tó kún dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sí i lára. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 15 tẹ̀léra títí á fi gbóná dáadáa, kí wọ́n tó wò ó bóyá ó ṣì ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí òfin bèèrè.

Wọ́n tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa apá kan bíréèkì náà. Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì ń gbà láti másítà, níbi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì jáde, dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ọ̀nà kan mú iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì, èkejì mú iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ náà dúró láàárín mítà 168. Ẹ fi 168 wé 70. Ohun tó lé láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Kí awakọ̀ lè rọra yà kúrò lọ́nà ni wọ́n ṣe fi mítà 168 sílẹ̀, kì í ṣe kó máa fi ná Ọ̀rẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí ló ń dùn wá jù. Bí kálípà tàbí sìlíńdà ẹ̀yìn bá ń jò, àwọn kan nínú wa á fi bọ́ọ̀lù bẹ́árìnì dí ẹnu páìpù, tàbí kí wọ́n fi òòlù tẹ páìpù náà pẹlẹbẹ, wọ́n á ní àwọn ti ti ẹsẹ̀ kan pa. Ọ́ìlì kò jò mọ́, oníbàárà sanwó, ó lọ. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ̀pọ̀ ìwúwo ọkọ̀ á sún síwájú. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n tì pa, ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì fẹ́ yí lójijì nígbà òjò. Rọ́bà inú kálípà ló sábà máa ń bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ọ́ìlì bíréèkì náà ń kọ́? DOT ni òdiwọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bíréèkì sí ìpele. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. DOT 4, 230°C. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí omi bá ti tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí òfin gba DOT 3 láyè láti hó á wálẹ̀ sí 140°C, ti DOT 4 á di 155°C. Ẹni tó wá bu omi ọṣẹ sí i ti sọ ọ́ di 100°C. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó ń mú kí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú. Bí ọ́ìlì bá hó, afẹ́fẹ́ gbígbóná á kún páìpù, pẹ́dàlì á wọlẹ̀ pátápátá. Tó bá yá tí ohun gbogbo tutù, pẹ́dàlì á tún le. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì kò ní rí nǹkan kan, wọ́n á sì ní iṣẹ́ ayé ni. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà DOT tó wà lórí ọmọrí másítà kí ẹ tó rà á.

Dísìkì tó ń gbọ̀n náà nìyẹn. Bí pẹ́dàlì bá ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀, ìdí ẹ̀rọ léèdì tó ń gé irin ni ọ̀pọ̀ ń sáré gbé dísìkì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìpẹtà tó wà láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù, irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, ló gbé e wọ́. Ìwọ́ tó tó mílímítà 0.05 péré ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀ bó bá pẹ́. Ẹ yọ dísìkì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù títí irin á fi dán, ẹ dá a padà, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì ní ìkọjá-ìkọjá pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára. Fún Corolla àti Camry, Newton-mítà 103 ni Toyota kọ. Bó bá di dandan kí ẹ gé e, ẹ ka iye tó wà lẹ́yìn MIN TH lára dísìkì, ìyẹn nínípọn tí kò gbọdọ̀ tín-ín jù ú lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bíi mílímítà méjì péré ló fi dín sí ti tuntun. Dísìkì tó bá tín-ín jù kò lè gba ooru mọ́ra. Ooru náà á bọ́ sínú kálípà, á sì hó ọ́ìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé wáyà ABS nítorí iná rẹ̀ tó ń tàn. Sẹ́ńsọ̀ tó dọ̀tí ló sábà máa ń fà á. Ti tírélà tó ń sùn ní Ògèrè yàtọ̀ ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì tiwọn.

Ohun tí a ń bẹ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò pọ̀: kí ọgbà kọ̀ọ̀kan dá owó jọ ra irinṣẹ́ mẹ́ta, èyí tó ń wọn nínípọn dísìkì, èyí tó ń wọn ìwọ́ rẹ̀, àti èyí tó ń sọ iye omi inú ọ́ìlì. Kí ọmọṣẹ́ kankan má sì ṣe gba fíríìdọ̀mù láìmọ̀ wọ́n lò. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, a lè yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Ojúde Ọba wò kí Iléyá tó dé. Bí ẹgbẹ́ bá pè wá, a ó wá kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ni,
Àwọn oníṣẹ́ bíréèkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù