Lẹ́tà sí Àkànní nípa ilẹ̀kùn híkọ́rì

Knoxville, Tennessee

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí o sọ lórí fóònù, pé oníbàárà rẹ kan fẹ́ kí o fi híkọ́rì, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhìn-ín, ṣe é, ni kò jẹ́ kí n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n tó kọ̀wé. Jọ̀wọ́, má fi híkọ́rì ṣe ilẹ̀kùn ìta fún ọkùnrin náà, bó ti wù kí fọ́tò tó fi hàn ọ́ dára tó. Lóòótọ́ ni igi yìí le: bí wọ́n bá ń fi bọ́ọ̀lù irin tẹ ara igi láti mọ bí ó ti le tó, igi óákù pupa máa ń gba agbára páùn 1,290, ṣùgbọ́n híkọ́rì tí èèpo rẹ̀ máa ń ṣí máa ń gbà tó 1,880. Síbẹ̀, líle kọ́ ni òjò ń bẹ̀rù. Kíákíá ni híkọ́rì máa ń jẹrà níbi tí omi bá wà, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń súnkì púpọ̀ bó bá ń gbẹ. Ìrókò ni kí o fi ṣe é.

Níbi tí a bá ti ń lu nǹkan ni híkọ́rì ti níyì, nítorí pé ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe èèkù àáké, èèkù òòlù àti ọ̀pá ìlù, òun náà sì ni ọ̀pá gọ́ọ̀fù kí irin tó gba ipò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930. Àwọn kan níhìn-ín máa ń ṣa èyí tó funfun, wọ́n ní àárín igi tó pupa kò lágbára. Irọ́ ni, bí méjèèjì bá ti wúwo dọ́gba. Ìlà ara igi ni èmi máa ń wò: ó gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti ìdí dé orí. Ṣùgbọ́n híkọ́rì máa ń ba ẹnu ìfági jẹ́ o!

Iṣẹ́ ti dín kù ní ṣọ́ọ̀bù wa, àbíkẹ́yìn ti wọ ilé-ìwé. Bí wọ́n bá dá mi dúró, mo ti di onísùyà nìyẹn, nítorí pé èéfín híkọ́rì ni àwọn ará ibí fẹ́ràn lára ẹran.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Mo gbọ́ pé wáyà ni Ọ̀gá ṣì fi ń de àáké tí orí rẹ̀ fò lọ́jọ́ ìṣílé yẹn. Bá mi wọn ihò rẹ̀, gígùn àti fífẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, kí n lè gbẹ́ èèkù kan ránṣẹ́ kí Kérésì tó dé. Má ṣe jẹ́ kí ó mọ̀, nítorí yóò ní òun kò fẹ́, yóò sì gbé àáké náà pamọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé