Ọ̀rọ̀ ìjì oòrùn kan àwa náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò ohun tí ìjì oòrùn, ìyẹn agbára tí oòrùn ń tú jáde tó ń kọ lu ayé, ń ṣe sí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni, mi ò gbà. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin níbí. Tóòrùn bá ti wọ̀ tán, lọ́jọ́ míì, GPS, ẹ̀rọ tó ń gba àmì sátẹ́láìtì láti sọ ibi tí mo dúró, á bẹ̀rẹ̀ ségesège, torí afẹ́fẹ́ òkè yẹn ni àmì náà ń gbà kọjá, òpó ààlà tí mo rì láàárọ̀, á ní ó ti sún wọ oko ẹlòmíì, ẹ sì mọ ìjà tí ààlà ilẹ̀ máa ń dá sílẹ̀ láàrín ọmọ ìyá! Ìlà agbedeméjì mágnẹ́ẹ̀tì ayé, níbi tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì ayé ti nà gbọọrọ bí ilẹ̀, gba apá àríwá Benin wa yìí kọjá, ìdí nìyẹn tójú ọ̀run tiwa fi máa ń dàrú lálẹ́. Ní oṣù kejì 2022, ìjì tí ò tiẹ̀ le ló mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná tó fi ki sí i, tó sì ń fa sátẹ́láìtì sẹ́yìn, bí 40 nínú 49 sátẹ́láìtì íńtánẹ́ẹ̀tì Starlink tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sókè ló bá a lọ. Kọ̀ǹpútà ò lè ṣírò ohun tí ò rí, ẹ̀rọ tó ń wo òkè ò sì pọ̀ ní Áfíríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi ìjọba léèrè, kí wọ́n ra díẹ̀ fáwọn ọmọ wa tó ń kọ́ físíìsì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Awọnlẹ̀ kan, Kétu