Wálé, kí òjò rọ̀ o, àmọ́ kó má rọ̀ jù

Wálé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, Màmá ńkọ́? Mo ti gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, o ní kí n tètè wá bàbá kan táá bá mi dá òjò dúró torí réèsì mọ́tò Formula 1 tí mo fẹ́ lọ wò ní Silverstone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn tó fẹ́ ṣòkú àgbà ṣe máa ń ṣe. Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kí wọ́n dá a dúró? Èmi tí mò ń wo ojú ọ̀run láti Mọ́ńdè, tí mò ń ṣí fóònù wò kí n tó fọ ẹnu pàápàá, kó rọ̀ ni mò ń bá Ọlọ́run sọ. Kó rọ̀ o, àmọ́ kó má rọ̀ jù. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ wà.

Silverstone tí mò ń lọ yìí, pápá ọkọ̀ òfurufú àwọn sójà ni nígbà ogun Hítílà, ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, atẹ́gùn ibẹ̀ ò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sá réèsì Formula 1 àkọ́kọ́ tí wọ́n kà mọ́ ti àgbáyé lọ́dún 1950. Ojú títì ẹ̀ gùn tó kìlómítà 5.891, ìgbà 52 ni wọ́n dẹ̀ máa yí i po lọ́jọ́ Sọ́ńdè, torí náà òjò lè máa rọ̀ ní kọ́nà Stowe kí Copse ṣì gbẹ, dírẹ́bà ò ní mọ táyà tó yẹ kó wọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Tí oòrùn bá ràn, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ le jù á ti lọ, àwa á kàn máa wò ó. Tí òjò bá dé, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó ku ọwọ́ àti ọgbọ́n.

Wo ti 2025. Nico Hulkenberg, ọmọ Jámánì, ipò 19 ló ti gbéra, nínú mọ́tò Sauber tẹ́nì kankan ò kà sí, òjò ń rọ̀ ó ń dá, bàbá yìí rọra ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ṣe ipò kẹta. Réèsì ẹ̀ 239 rèé o, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gorí pèpéle àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú láyé ẹ̀ nìyẹn! Dírẹ́bà kan, Piastri, ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, wọ́n fún un ní pẹ́nárítì sẹ́kọ́ńdù 10 torí bó ṣe tẹ bíréèkì lẹ́yìn safety car, ìyẹn mọ́tò tó máa ń kó wọn rìn jẹ́jẹ́ tí ewu bá wà, Norris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dẹ̀ gbà á nílé ara ẹ̀. Ti 2008 ńkọ́, tí Hamilton fi sẹ́kọ́ńdù 68 ju ẹni tó ṣìkejì lọ nínú òjò burúkú? Jókòó kó o ka ení èjì dé 68 kó o wò ó bó ṣe pẹ́ tó. Massa ń yí bírí bírí lọ́jọ́ náà bí ẹni tó mu ẹmu. Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Schumacher dẹ̀ mọ ti 1998, òjò náà ni, Silverstone náà ni, wọ́n ní kó wọlé síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wá jẹ pẹ́nárítì, ó wọlé ní ìyípo tó kẹ́yìn, ó fi ibẹ̀ kọjá ìlà ìparí, ó gba ife. O ṣì ń pe ìyẹn lọ́gbọ́n, èmi ṣì ń pè é ní jìbìtì, ká fi síbẹ̀.

Wàyí o, tó bá wá rọ̀ jù ńkọ́? Táyà òjò méjì ni Pirelli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà wọn, máa ń kó wá, eléwé tútù ti òjò díẹ̀, búlúù ti òjò ńlá. Wọ́n ní tí mọ́tò bá ń sá kìlómítà 300 láàárín wákàtí, táyà búlúù yẹn á máa gbọ́n omi lítà 85 dànù ní sẹ́kọ́ńdù kan, eléwé tútù á gbọ́n 30. Ibo lo rò pé omi yẹn ń lọ? Ojú ẹni tó wà lẹ́yìn ni. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ṣebí o ti wà lẹ́yìn tírélà rí ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn lásìkò òjò, wáípà ń ṣiṣẹ́, o ò rí nǹkan kan, láìtì pupa ẹ̀yìn ẹ̀ lo kàn ń tẹ̀lé. Àwọn yìí ò ní gíláàsì iwájú, wọn ò ní wáípà, akoto orí wọn ni gbogbo ẹ̀, àwọn 22 sì ni ń bọ̀ lẹ́yìn ara wọn. Kì í ṣe pé mọ́tò ń yọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù jù, àìríran ni. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òjò tó bá ti pọ̀ débi tí wọ́n fi máa nílò táyà búlúù, ojú ò ní ríran mọ́, wọ́n á dẹ̀ ti ní kí gbogbo mọ́tò wọlé. Kí ni wọ́n wá ń gbé e kiri fún?

Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn ṣá. Lọ́dún 2014 ní Suzuka, ní Japan, inú òjò náà ni Jules Bianchi ti yọ̀ kúrò lójú títì tó lọ forí sọ katakátá tó wá wọ́ mọ́tò ẹlòmíì, ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ẹ̀mí ò ní ààrọ̀. Àmọ́ tó o bá rántí réèsì Spa, ní Belgium, lọ́dún 2021, inú ẹ máa bà jẹ́ fún àwọn tó sanwó: wọ́n dúró nínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, safety car kó àwọn mọ́tò yí títì po fẹ́ẹ́, wọ́n ní ó parí, Verstappen ló gbà á, wọ́n dẹ̀ pín ìdajì póìntì. Ẹnì kankan ò ya ẹnì kankan sílẹ̀! Hamilton fúnra ẹ̀ sọ pé ó yẹ kí wọ́n dá owó àwọn èèyàn padà. Wọ́n ti wá yí òfin ẹ̀ báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ sá ìyípo méjì ó kéré tán láìsí safety car kí póìntì tó wà, ìyẹn ò sọ pé wọ́n á dá owó tèmi padà tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Silverstone ṣá.

Ẹrẹ̀ ni nǹkan kejì. Lọ́dún 2000 tí wọ́n gbé réèsì Silverstone sí àsìkò Àjíǹde, ibi tí wọ́n ń páàkì sí di poto-poto, wọ́n tì í pa lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́dún 2012 náà, oṣù keje lásán, òjò bo ibùdó, wọ́n bẹ àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ibi ìpáàkì pé kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ qualifying, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń sáré fi pín ipò tí kálukú á ti gbéra. Èmi ò gbé mọ́tò lọ o, bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wọ̀ láti Northampton. Ìyàwó mi ti ra bàtà rọ́bà gígùn fún mi, irú èyí táwọn tó ń ṣoko ẹja máa ń wọ̀, ó ní òun ò bá mi dé irú ibi bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ. Ẹ̀wù òjò nìkan ni mò ń mú, mi ò mú agbòjò, torí tó o bá ṣí agbòjò, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ á fi ẹnu wọn bà ẹ́ jẹ́. Mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró lórí koríko ni mo rà, ti orí àga ti wọ́n jù. Bọ̀dá kan níbi iṣẹ́ tó ti ń lọ tipẹ́ ní kí n wá Luffield lọ tí òjò bá ṣú, torí kọ́nà yẹn ò yá, omi ò ní bo mọ́tò, wàá rí i kedere bí wọ́n ṣe ń sá fún ojú ibi tí gbogbo ayé máa ń gbà tílẹ̀ bá gbẹ. Rọ́bà táyà ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tó bá ti tutù, ó ń yọ̀ bí ilá, ìta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wà á máa gbà. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ojú mi rí.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń gbéra, aago wa dẹ̀ bára mu lásìkò yìí, torí náà má sọ fún mi pé o sùn lọ. Gba jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ tí wọ́n bá múná lọ. Ìwọ lo máa rí kámẹ́rà inú mọ́tò, ìwọ lo máa gbọ́ rédíò wọn, èmi ò ní mọ ẹni tó wọlé pààrọ̀ táyà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò ní gbé fídíò tí èrò bá ti pọ̀, tẹ́ẹ̀sì lásán ni kó o máa fi ránṣẹ́: orúkọ, àwọ̀ táyà, ipò. Má kọ ìwé ìròyìn sí mi.

Kí Màmá fún mi.

Èmi ni,
Déjì