Lẹ́tà sí Táńgò lórí ọ̀rọ̀ tírélà wa

Táńgò ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ará ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? O mọ̀ pé n kì í kọ ìwé gígùn àfi bí ọ̀rọ̀ bá kún inú mi dé ọ̀fun. Ó ti dé ọ̀fun báyìí. N kò sì lè bá ọ sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, torí gbogbo ẹgbẹ́ rédíò wa ló ń gbọ́ wa níbẹ̀, Bàbá tó kọ́ wa ní iṣẹ́ rédíò gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

A ti rí tírélà tí a máa sọ di yàrá rédíò ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ìwọ àti èmi ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ tí atẹ́gùn gbé àgọ́ wa lọ, tí o bọ́ ẹ̀wù rẹ bo rédíò, tí àwa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe tírélà gbàgìdì ti ojú títì o. Àpótí onírin ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹrù sí, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kékeré. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní òun ò lò ó mọ́, ká wá gbé e. Gígùn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́rin. Èmi lè nàró nínú rẹ̀ dáadáa. Ìwọ ní tìrẹ á tẹrí ba, ìyẹn ò sì kàn mí.

Nígbà tó dé, òórùn eku ló kọ́kọ́ kí wa. Òrùlé ń jò níbi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bóòtì, pákó ilẹ̀ sì ti jẹrà ní igun kan débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀. Alága ní kí ẹni tó bá ní ọwọ́ àti àkókò wá ní ọjọ́ Sátidé. Ìwọ náà mọ ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó pariwo jù ní ìpàdé pé àwọn á wá, a ò rí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tí kò sọ nǹkan kan ló wá, wọ́n sì gbé irinṣẹ́ wọn dání. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ gbé ọ̀dà wá, ó sì ti kùn ún yíká tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé a ò tíì lu ihò tí wáyà èríà máa gbà. Ó kun ibi tí ilẹ̀kùn ti ń yí mọ́ ọn. Òòlù la fi ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún nígbà tí ọ̀dà gbẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni, kí là bá tún ṣe? Ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu wo lo fẹ́ fi bá a wí?

Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni Ìyá Ìbejì. Gbogbo ọdún tó fi ń kọ ìwé ìpàdé, ta ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé báyẹn sí iṣẹ́ pákó? Òun ló tú ilẹ̀, òun ló kan tábìlì. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ kan ohunkóhun mọ́ ara ògiri lásán, nítorí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, sukúrúù á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn irin tó gbé ògiri dúró ló de gbogbo rẹ̀ mọ́. Òun náà ló ní ká ki fóòmù líle sáàárín àwọn irin náà ká tó fi pákó bò ó, ká sì dá ojú atẹ́gùn sí òrùlé. Mo rò pé torí ooru ni. Ó ní rárá, torí èémí ni. Bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sínú àpótí irin mọ́jú nígbà òtútù, èémí wọn á di omi lára páànù, á sì máa kán sórí rédíò. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá, mo kàn ń mi orí.

Iṣẹ́ wáyà wá kan Bàbá. Bó o bá rí i, inú rẹ á dùn. Pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, gbogbo ẹnu wáyà ló ní àkọlé lára, lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. Wọ́n fi fíúùsì sí ẹnu bátìrì gan-an, kí ó má baà sí wáyà kankan tí kò ní olùṣọ́. Wọ́n lo wáyà tó nípọn, nítorí iná fóòtì 12 ni, rédíò oníwáàtì 100 kan ṣoṣo sì ń fa nǹkan bí áńpù 20 nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dúró tì wọ́n, Bàbá sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti ìwọ, pẹ̀lú ìbínú yẹn náà. "Wáyà tó gùn, iná tó ṣòfò." Ó ṣì wà lẹ́nu wọn.

Táńgò, ibi tí wọ́n gbé bátìrì sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yìn pátápátá ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá. Bátìrì oníòjé mẹ́rin, tí wọ́n fi owó ara wọn rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kílò 30. Wọ́n ní kí ó lè rọrùn láti gbé jáde, àti pé bí bátìrì bá ń gba iná, ó máa ń tú gáàsì tó lè gbiná sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló sì dára fún un. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ wà, kí èéfín rẹ̀ lè kọjú síta. Ẹ̀yìn náà ni òpó èríà wà, nítorí ó gùn. Gbogbo ohun tó wúwo nínú tírélà yẹn ló wà lẹ́yìn táyà, iwájú sì ṣófo, àfi tábìlì àti àga.

Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ tó ń fà á. Ọjọ́ tí mo gbé e jáde lọ wọ̀n, mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé imú rẹ̀ sókè láti so ó, ẹ̀rín sì pa mí pé agbára mi ti pọ̀ sí i. Ojú ọ̀nà ṣófo, mo rọra ń lọ. Bí mo ṣe ń sún mọ́ 80 ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdí ọkọ̀ mi sọ́tùn-ún, sósì. Mo wo dígí: tírélà ń jù bí ìrù ajá. Ọmọ ọlọ́dà tó jókòó tì mí, tí kò dákẹ́ ẹnu láti ilé, dákẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú gbọnyin, n kò sì fọwọ́ kan bíréèkì, torí bíréèkì òjijì ló máa ń ti tírélà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá. Ó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ijó ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín dé inú.

Lórí òṣùwọ̀n ńlá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 1,100. Ohun tó yẹ kí imú rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, kí ó má baà máa jù, ni ìdá 10 sí 15 nínú 100, ìyẹn kílò 110 ó kéré tán. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí Bàbá ti lọ sílé, èmi àti Ìyá Ìbejì gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara ẹni nílé wá. O lè rò pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe: o ta igi kan láti orí bíríkì sórí òṣùwọ̀n, o gbé imú tírélà lé ibi tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà láti ọ̀dọ̀ bíríkì, ohun tí òṣùwọ̀n bá sì kà, o sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́ta. Ó ka 14. Kílò 42 péré. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó tún fà á ya.

Mo gbìyànjú láti bá Bàbá sọ ọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo yìn wáyà, mo yìn àkọlé, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ẹ ò rò pé bátìrì yìí lè sún síwájú díẹ̀?" Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ṣé iná ni mo fẹ́ kọ́ àwọn. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Wọ́n ní ṣé ìwọ̀n ni mo fẹ́ kọ́ àwọn. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ sílé. Alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n má lé èèyàn dáadáa kúrò nínú ẹgbẹ́, ká kúkú kó àpò iyanrìn síwájú kí ó bá ẹ̀yìn mu. Ẹrù lórí ẹrù! Bí o bá di orí méjèèjì ní ẹrù, imú á tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìrù rẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jù, dídá a dúró á nira jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ká má tíì sọ ohun tí táyà máa rù. Ó ní ṣebí èmi ni mò ń wà á, kí n máa rọra wà á.

N kò bínú sí i. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ló ń ba èmi náà. Ìwọ mọ bí ilé yẹn ṣe rí láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Odidi oṣù, Bàbá ò tan rédíò. Tírélà yìí ló mú wọn jáde. Ní gbogbo Sátidé, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé, wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ti fi aṣọ nu tábìlì. Bí mo bá dìde báyìí pé kí wọ́n tú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọn ò sì padà wá ńkọ́?

Ìròyìn yòókù: Kékeré ti yege ìdánwò rédíò, ó ti ní lẹ́tà tirẹ̀ tí a ó fi máa pè é, a ò gbádùn lórí afẹ́fẹ́ mọ́, ínfátà tí wọ́n fún wa ń pariwo ṣììì lórí 7 MHz, a fi òrùka feráìtì tó ń pa ariwo há wáyà rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, orúnkún mi ti sàn, ọ̀gbẹ́ni tó yá àkàbà rẹ ṣì ń sọ pé òun á dá a padà.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ nìyí, má sì pariwo. Ìwọ nìkan ni Bàbá máa ń gbà kó bi àwọn ní ìbéèrè. Pè wọ́n. Má dárúkọ mi, má dárúkọ ìwọ̀n, má dárúkọ tírélà tó ń jù. Sọ pé o gbọ́ pé àwọn ló ṣe wáyà rẹ̀, kí wọ́n fi àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n á fi ránṣẹ́ kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Kí o wá béèrè, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́, pé mítà mélòó ni wáyà láti bátìrì dé rédíò. Torí iwájú ni tábìlì wà, Táńgò! Gbogbo gígùn tírélà ni iná yẹn ń rìn kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ iye mítà náà fún ọ, dákẹ́. Jẹ́ kí ó dùn wọ́n fúnra wọn. Bí wọ́n bá béèrè pé níbo ni ìwọ ì bá gbé e sí, ní iwájú táyà gẹ́lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kékeré, kí gáàsì rẹ̀ lè máa ríbi jáde. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sún débẹ̀, imú á kọjá 110. Ó tó fún mi. Jẹnẹrétọ̀ lè dúró síbi tó wà.

Ìyá Ìbejì ti kan àpótí tí àwọn bátìrì máa wọ̀ síbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àpótí ìwé ni. Kò sí ẹni tó bi í pé ìwé wo ló ń fẹ́ ojú atẹ́gùn.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́rú. Sátidé tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ fún ìdánrawò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì ti sọ pé ọkọ̀ mi làwọn máa bá lọ, ọ̀kan nínú wọn ni Kékeré. Bàbá máa ń jí ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n má pè wọ́n kí wọ́n tó jẹun, o mọ̀ wọ́n.

Ìgbà wo lo sọ pé o máa wá? O ò tíì sọ.

73 fún ọ (ìkíni wa lórí afẹ́fẹ́), 88 (ìfẹ́ àti ìfẹnukonu) fún àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Délítà