Ẹ Jẹ́ Kí Okùn Le Kí Ẹ Tó Fa Ìwọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àwa ọmọ Yorùbá tó ń pẹja lórí yìnyín ní Minnesota níbí, inú mi sì dùn sí i, àfi ibi tẹ́ ẹ ti ní kéèyàn fi gbogbo agbára fa ọ̀pá ìpẹja ní kété tí bọ́bà, ìyẹn nǹkan tó ń léfòó tá a so mọ́ okùn ìwọ̀, bá ti rì. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ẹja tí wọ́n ń pè ní wọ́lái (walleye) bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹja yìí kì í gé ìdẹ jẹ. Ṣe ló máa ń la ẹnu, tí á fa omi àti ẹja wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́nu ìwọ̀ sẹ́nu pọ̀. Nígbà òtútù, ara rẹ̀ kì í yá. Ó lè kàn fi ètè di ìdẹ mú, kó máa rọra gbé e lọ, bọ́bà á sì ti rì. Tẹ́ ẹ bá fà á nígbà yẹn, okùn tó dẹ̀ lásán lẹ fà.

Lórí adágún Mille Lacs, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń wọ̀, tí wọ́lái ń wá oúnjẹ kiri, bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí: tí bọ́bà bá rì, màá kúnlẹ̀ ti ihò tí mo gbẹ́ sínú yìnyín, màá dorí ọ̀pá kọ omi, màá wá máa rọra ká okùn títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ pé nǹkan kan wúwo lọ́hùn-ún, tó ń mirí. Ìgbà yẹn ni màá gbé ọ̀pá sókè ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan, màá sì máa ká okùn lọ láìdẹwọ́. Ọ̀pá orí yìnyín kúrú, okùn náílọ́ọ̀nù sì máa ń nà bíi rọ́bà. Tí okùn ò bá tíì le, agbára yín ò ní dé ẹnu ẹja.

Ẹ lo bọ́bà kékeré tí òjé tó wà lára okùn àti ìdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fà rì sómi, kí ẹja má baà fura. Ẹ sì máa bu yìnyín ojú ihò kúrò, torí bọ́bà tó bá ti dì mọ́ ọn kò lè rì.

Àwọn kan á ní ká dúró kó gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, rárá o! Òfin adágún Mille Lacs sọ bí ẹja téèyàn lè gbé lọ sílé ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó; ìyókù, omi là ń dá a padà sí. Ọ̀pọ̀ èyí tí ìwọ̀ bá wọ̀ lọ́fun ló máa ń kú sábẹ́ yìnyín, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Tó bá ti gbé e mì, ẹ gé okùn lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ẹ má fa ìwọ̀ náà yọ.

Bàbá Kẹ́hìndé,
Brooklyn Park, Minnesota