Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ìwé Wákàtí Tí Ẹ Fún Wa Lọ sí Erékùṣù Lindisfarne

Sí Ọ̀gá tó ń mójú tó ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ni mo ra ìrìn-àjò etíkun Northumberland, ní àríwá England, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá. Ohun tí mo sanwó fún ni ọkọ̀ háyà láti Newcastle, yàrá ní Alnmouth àti Bamburgh, ọkọ̀ ojú omi láti Seahouses, àti ìsùn alẹ́ kan lórí erékùṣù Lindisfarne, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Holy Island. Ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa la jọ lọ. Ẹ̀dà rìsíìtì yín wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Èdè Yorùbá lẹ fi polówó fún wa, òun náà la fi dúnàádúrà lórí fóònù, nítorí náà òun ni mo fi ń kọ ẹ̀sùn mi.

Nígbà tí mo pè yín lẹ́yìn tí a délé, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n má bínú, pé ojú ọjọ́ ló fà á, pé ìgbà òtútù la kúkú lọ. Mo fẹ́ kí a yanjú ìyẹn ná. Àwa fúnra wa la yan oṣù Kọkànlá, a sì mọ ohun tí a ń yàn. Màmá ò fẹ́ ibi tí èrò ti ń tì í síwá sẹ́yìn. Nígbà yẹn nínú ọdún, èèyàn lè rin etíkun Bamburgh látòkè délẹ̀ kó má pàdé ju ẹni méjì tó mú ajá jáde lọ, kí ilé olódi ńlá náà sì dúró lórí àpáta lókè rẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ẹranko seal ń bímọ ní àwọn erékùṣù Farne, tí àwọn ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ sì ń ti Svalbard, àwọn erékùṣù yìnyín ní àríwá Norway, wá sá òtútù sí ẹrẹ̀ etí omi Lindisfarne. Ní Craster, Màmá ra ẹja ṣàwá tí wọ́n fi èéfín igi oak yan, ó ní òórùn rẹ̀ mú òun rántí ilé. Atẹ́gùn fẹ́, òjò rọ̀, a wọ kóòtù. A ò bá ojú ọjọ́ jà rárá. Ọkọ̀ tí ẹ fún wa náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ yín.

Ẹ̀sùn mi dá lórí ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ẹ kọ “Wákàtí Tí Ọ̀nà Erékùṣù Ṣí” sí lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta Lindisfarne mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Títì tó wọ erékùṣù láti Beal gba inú òkun kọjá. Òkun máa ń bò ó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà á fà, títì á tún yọ. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣí i. Kó tó dìgbà náà, orí yanrìn lèèyàn ń gbà, tí wọ́n ń tọ àwọn òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ṣì ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ wọ́n títí dòní. Wákàtí tí ọ̀nà ń ṣí kì í dúró sójú kan. Lójoojúmọ́ ló ń sún síwájú, nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, nítorí òṣùpá ló ń fa òkun, òṣùpá kì í sì í bá aago wa rìn. Ìdí nìyẹn tí Northumberland County Council, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, fi ń gbé wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Wákàtí ọjọ́ náà gan-an ni èèyàn gbọ́dọ̀ mú dání. Wákàtí àná ò wúlò fún tòní.

Ẹ̀yin kọ ìwé tiyín fún wa, ẹ tẹ ọjọ́ wa sí i, ẹ wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a ò nílò láti wo ibòmíràn. Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti dákẹ́, ìbá sàn.

Ìwé yín ní a lè wọ ọ̀nà títí di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. A jẹun tán ní Bamburgh, a jáde sí títì márosẹ̀ A1, a yà ní Beal. Nígbà tí a dé etí omi, aago mẹ́ta ò tíì lù. Gẹ́gẹ́ bí ìwé yín, àkókò wa ṣì pọ̀, nítorí ọ̀nà náà ò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́ta lọ. Ọkọ mi dúró níbi pátákó tí Council gbé síbẹ̀, kò sì sí ìdí mìíràn ju pé kì í kọjá níwájú ohun tí wọ́n kọ láìkà á. Pátákó náà ní ọ̀nà ti pa dé láti aago méjì ààbọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ mú ìwé yín lọ bá a, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Gbogbo wákàtí inú tiyín ló fi wákàtí kan gbáko ju ti Council lọ, ti ọjọ́ náà, ti ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Omi ti ń dán lọ́tùn-ún lósì títì níwájú wa. Lọ́ọ̀ọ́kán, a rí yàrá onígi funfun kan tó dúró sókè lórí òpó, tó ní àtẹ̀gùn. Wọ́n kọ́ ọ fún àwọn tí omi bá ká mọ́ inú mọ́tò, kí wọ́n lè gun òkè síbẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Màmá béèrè ohun tó jẹ́. Àwa méjèèjì ò lè dá wọn lóhùn. Ẹni tó lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn ọmọ sì ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ṣì ń rò ó ní òru bí a ṣe fẹ́ gbé wọn gun àtẹ̀gùn náà nínú ìjì.

Mo ti wádìí bí àṣìṣe náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, gbogbo Britain máa ń yí aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ní ìgbà ooru, ẹni tó bá mú wákàtí kíkún òkun láti inú tábìlì tó ń lo aago Greenwich, ìyẹn aago tí Britain ń lò ní ìgbà òtútù, gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan kún un. Ọ́fíìsì yín fi kún un fún àwa tí a lọ ní oṣù Kọkànlá, bí ẹ ṣe ń fi kún un fún àwọn tó ń lọ ní oṣù Keje. Kò sí àlàyé mìíràn tó lè mú kí gbogbo rẹ̀ fi wákàtí kan pàtó yàtọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí tí ọ̀nà ń ṣí nìkan lẹ ṣì, ìdúró lásán ni yóò kó bá oníbàárà. Ẹ ṣi wákàtí tí ọ̀nà ń pa dé náà, ìyẹn sì ń ti èèyàn sínú òkun. Léraléra ni ọkọ̀ ìgbàlà RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn là lójú omi, láti Seahouses ń jáde lọ kó àwọn tí omi ká mọ́ ojú ọ̀nà yìí. Kódà wákàtí tí Council kọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ta tẹ́tẹ́, torí bí atẹ́gùn bá ń ti òkun bọ̀, omi lè yára dé ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Ẹ̀yin wá lọ fi wákàtí kan odindi lé e.

A pe nọ́ńbà tí ẹ ní ẹ ń gbé tọ̀sán-tòru. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ìyá tó ni ilé tí à bá sùn lórí erékùṣù ló gbé fóònù tiwa, òun ló sọ fún wa pé kí a má dán an wò rárá, pé kí a wá ibi sùn ní Berwick-upon-Tweed. Ọlọ́run á bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó wa la fi gba yàrá méjì ní Berwick, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí.

Alẹ́ tí a pàdánù yẹn gan-an ni Màmá bá wá. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì ti ka ìtàn Aidan, mọ́ńkì tó ti erékùṣù Iona ní Scotland wá ní ọdún 635 nígbà tí ọba Oswald ránṣẹ́ pè é, tó fi erékùṣù yìí ṣe ibùdó, tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri wàásù. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni láti gbàdúrà alẹ́ níbẹ̀ nígbà tí omi bá ti pa ọ̀nà dé, tí àwọn àlejò ọ̀sán ti lọ, tó ku àwọn ará erékùṣù nìkan. Lọ́jọ́ kejì, a bá wákàtí Council wọlé láàárọ̀, Màmá jókòó fún ìgbà díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Mary, àmọ́ a ní láti tètè jáde nítorí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé Newcastle lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò ráhùn. Wọn kì í ráhùn. Èmi ni mò ń bá wọn sọ ọ́.

Ìgbà ooru náà lẹ kọ sínú ìyókù ètò yín. Ẹ ṣèlérí pé a ó rí ẹyẹ puffin láti Seahouses. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, puffin ti padà sí àárín agbami, ó di ìgbà tí ọdún bá yí kí wọ́n tó padà. Ọmọ mi obìnrin ti ya puffin sínú ìwé rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ní èbúté, wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ wa, ọkọ̀ ojú omi kankan ò sì lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní a ó wọ inú Lindisfarne Castle, ilé olódi tí ayàwòrán-ilé Edwin Lutyens tún ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló ni ín, wọ́n sì máa ń tì í ní ìgbà òtútù. Ìṣẹ́jú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gba ẹni tó bá fẹ́ mọ̀.

Òfin Package Travel ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá ta ìrìn-àjò alápapọ̀ ló máa dáhùn fún gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló gbéṣẹ́ náà fún, pé ó gbọ́dọ̀ ran oníbàárà tó bá wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, àti pé ó gbọ́dọ̀ dín owó kù fún ohun tí kò fi jíṣẹ́. Nítorí náà mò ń béèrè owó alẹ́ tí a ò sùn lórí erékùṣù, owó yàrá Berwick, owó ọkọ̀ ojú omi, àti ẹ̀dínwó tó tọ́ lórí ìyókù. Bí èsì ò bá dé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré ni mo máa gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò ní dúró dè fún ọjọ́ mẹ́rìnlá nìyí. Ẹ fa ìwé wákàtí yẹn ya lónìí. Gbogbo ẹni tí ẹ ti fún ní irú rẹ̀, tí ọjọ́ ìrìn rẹ̀ kò tíì pé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ímeèlì tí wọn ò ní kà ránṣẹ́. Ẹ fún wọn ní wákàtí Council fún ọjọ́ tiwọn gan-an, kí ẹ sì yọ gbólóhùn tó ní kí wọ́n má wo ibòmíràn kúrò. Mo fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é.

Èmi ni oníbàárà yín,
Leeds