Wọ́n pa fáìlì orin tí mo fowó mi rà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta torí inú ń bí mi, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Oṣù tó kọjá ni mo ra orin àpàlà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó gidi ni mo san o, kì í ṣe èyí táwọn èèyàn ń fà lọ́fẹ̀ẹ́. FLAC, irú fáìlì orin kan tó máa ń tóbi, ni wọ́n fi tà á fún mi, orin ìṣẹ́jú mẹ́fà péré jẹ́ bíi 35 MB. Mo kó o sórí fláàṣì, mo kì í bọ inú rédíò mọ́tò, rédíò ní òun ò rí nǹkan kan. MP3 àti WMA, àwọn irú fáìlì orin mìíràn, nìkan lòun mọ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síwájú ẹ̀ gàdàgbà, èmi ni mi ò wò ó. Ọmọ mi ní kí n kàn yọ FLAC tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀ kí n fi MP3 síbẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀, rédíò wá rí i lóòótọ́ àmọ́ kò kọrin, àfi kó máa fo látorí èyí bọ́ sórí ìyẹn.

Ni mo bá gbé e lọ bá ọmọ kan tó ń kó orin sí fóònù lágbègbè Tákì níbí, pé kó bá mi sọ ọ́ di MP3. Ó ní, "Bàbá, kékeré nìyẹn, ẹ jókòó." Ó gba 500 náírà. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú mọ́tò, orin ń dún o, àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń din ẹja, gángan sì dà bí ẹni pé inú ìkòkò tí wọ́n dé ni wọ́n ti ń lù ú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, 64 kbps (ìyẹn ìwọ̀n dáta tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lọmọ yìí fi sí, 35 MB ti di nǹkan tí ò pé 3! Ó sì ti pa FLAC rẹ́ kúrò lórí fláàṣì, ó ní kí àyè lè gbà ni. Ọlọ́run ló yọ mí, àwọn tó tà á fún mi jẹ́ kí n tún un dáńlóòdù, dáta mi ló lọ sí i.

Nígbà tí mo padà lọ bá a ló ní òun á dá a padà sí FLAC fún mi. Ó sì dá a padà lóòótọ́, fáìlì tún wú, dídún ẹ̀ ò yàtọ̀ rárá. Ṣé ẹ rí i, MP3 tí àwọn ará Jámánì ṣe yìí, ńṣe ló máa ń ju ohùn tó bá rò pé etí ò ní tètè mọ̀ dànù, bí nọ́ńbà kbps bá ṣe kéré tó náà ló ṣe máa jù ú nù tó. FLAC ní tiẹ̀ kàn ká a pọ̀ ni, kì í ju nǹkan kan nù. Ẹran tó bá ti bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, ìkòkò ńlá téèyàn gbé kaná fún èyí tó kù ò lè sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London tiẹ̀ ra tiẹ̀ lọ́wọ́ Apple ní 2006, 128 kbps, wọ́n tún fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kọ̀ǹpútà ò gbà kó sọ ọ́ di MP3 rárá. 2009 ni wọ́n tó ṣí kọ́kọ́rọ́ yẹn, tí wọ́n sì gbé e sí 256. Tèmi ò lè tó bẹ́ẹ̀ sha.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé kẹ́ ẹ bi oníbàárà nọ́ńbà kbps tó fẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, 320 kbps ò kúkú ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ má sì pa fáìlì tí wọ́n gbé wá rẹ́. Èmi ti ń fi VLC, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ṣe é fúnra mi nílé báyìí, ọ̀fẹ́ ni, FLAC á wà lórí kọ̀ǹpútà, MP3 á wọ mọ́tò. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn kedere láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí mo fi wọ Ọ̀yọ́ lánàá.

500 náírà mi ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn o.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín kan, Ògbómọ̀ṣọ́